Àǹtí, ṣé ká gbé sítóòfù wa lọ sórí tẹlifíṣọ̀n?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí n'Íléṣà, apá Ìsọ̀kùn. Èmi àtìyàwó mi ń ṣe sítóòfù eléèédú kan tí kì í jẹ èédú púpọ̀, òun ló ń tà á lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wá bá wa, wọ́n ní ká sanwó ìdajì wákàtí, àwọn á bá wa ṣe ètò, pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ọjà ò ní tó wa tà mọ́. Owó tí wọ́n pè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tá a ní. Mo gbọ́ pé ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ rí lẹ́yìn kámẹ́rà tó yẹ ká mọ̀ ká tó sanwó?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ìwọ àti ìyàwó wa. Má tíì sanwó o. Mi ò ní kó o má lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, mo ní má tíì sanwó, fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo mọ̀ kó o wá fúnra ẹ pinnu.

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun èlò ilé ìdáná ló pọ̀ jù níbẹ̀, páànù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, nǹkan tí wọ́n fi ń nulẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò rí ojú mi lórí tẹlifíṣọ̀n rí. Èmi ni mo máa ń to ọjà sórí tábìlì kí wọ́n tó tan kámẹ́rà, èmi ni mo ń gé àlùbọ́sà, tí mo ń nu òróró tó bá ta sílẹ̀, nígbà tó yá wọ́n wá fi mí ṣe olórí yàrá fóònù, ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi padà wálé sí Ifẹ̀ níbí. Nítorí náà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, láti ẹ̀yìn ni mo ti ń sọ ọ́, láti ibi tí ariwo máa ń wọlé sí lẹ́yìn tí ètò bá ti parí.

Ohun tí mo sì fẹ́ kó o mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé àsìkò ni wọ́n fẹ́ tà fún ẹ, wọn ò ta kọ́sítọ́mà fún ẹ. Ìdajì wákàtí ni wọ́n ní, ìdajì wákàtí náà ni wọ́n máa fún ẹ, tí ẹnikẹ́ni ò bá pè, wọ́n ti ṣe tiwọn. Lójú ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ ti parí nígbà tí nọ́ńbà fóònù bá jáde nísàlẹ̀. Lójú tiwa tá a wà lẹ́yìn, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lowó ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń jò.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Wọ́n ti gbé ètò wa sáfẹ́fẹ́ ní alẹ́, àwa mẹ́fà la jókòó ti fóònù, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo fóònù fi ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, bá a ṣe ń gbé ọ̀kan lèyí tó kù ń gé, inú ọ̀gá ń dùn, ó ń lu wá lẹ́yìn pé a ti là. Ní Mọ́ńdè, a bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tá ò rí gbé ti wọn lálẹ́ ọjọ́ náà padà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìfẹ́ ọjà orí tẹlifíṣọ̀n dà bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Lálẹ́ Sọ́ńdè ó gbóná, ó ń ta sánsán. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, "Ta nìyẹn? Páànù wo? Áà, ẹ jẹ́ n gbowó oṣù ná." Ọjà kan náà, èèyàn kan náà, òru kan péré ló wà láàárín. Torí náà kó o tó béèrè iye tí tẹlifíṣọ̀n ń gbà, béèrè lọ́wọ́ ara ẹ pé ta ló máa gbé fóònù. Ṣé ìwọ tó ń jó irin ni, tó o fi gíláàsì dúdú bojú, tí ariwo máṣíìnì ò jẹ́ kó o gbọ́ nǹkan kan? Àbí ìyàwó ẹ tó wà láàárín ọjà?

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ìṣirò yìí gan-an ni mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe fún àwọn tó ń wá sílé iṣẹ́ wa. Ìwọ lo mọ iye tirẹ, mo kàn fẹ́ fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ₦7,000 lo fi ń ṣe sítóòfù kan, kó o sì tà á ní ₦15,000. Ká ní gbígbé e lọ bá oníbàárà jẹ́ ₦2,500, páálí àti owó fóònù ₦500. Ó ku ₦5,000 fún ẹ lórí ọ̀kan. Ká ní owó tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ₦400,000. Lójú ẹsẹ̀ wàá sọ pé, à, tí mo bá ti ta 80 mo ti gba owó mi padà. Ó dáa bẹ́ẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ sanwó fún ohun tí wọn ò tíì rí, mi ò bá wọn wí, wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ jù, torí náà "sanwó tó bá dé ọwọ́ ẹ" ni wàá máa ṣe. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́kadà á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní ọkọ àwọn ò sí nílé, wọ́n á ní àwọn rò pé ó tóbi ju báyìí lọ, ẹlòmíì á paná fóònù pátápátá. Ká ní nínú 100 tó pè, 30 ò gbà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 30 yìí, ká tiẹ̀ gbójú fo owó páálí àti fóònù, o ti san ₦2,500 lọ, wàá san ₦2,500 bọ̀, ₦5,000 nìyẹn, lápapọ̀ ₦150,000. Àwọn 70 tó gbà á mú ₦350,000 wá. Yọ 150 nínú 350, ó ku ₦200,000, o sì ti san ₦400,000 fún tẹlifíṣọ̀n. Ọgọ́rùn-ún èèyàn pè ẹ́ o, fóònù ń ké, àdúgbò ń kí ẹ kú oríire, o sì ti pàdánù ₦200,000. Tó o bá ṣírò ẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé igba èèyàn ló gbọ́dọ̀ pè kó o tó padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, láìjèrè kọ́bọ̀. Sítóòfù mélòó lẹ lè jó lójúmọ́? Tó bá jẹ́ márùn-ún, igba máa gbà yín ní 40 ọjọ́, ta ló fẹ́ dúró dè yín fún 40 ọjọ́ lórí ohun tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ńlá, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ọjà tó bá ná ẹ ní kọ́bọ̀ kan, ó yẹ kó ṣeé tà ní kọ́bọ̀ márùn-ún kó tó lè ru ẹrù tẹlifíṣọ̀n. Sítóòfù tó ná ẹ ní ₦7,000, ìyẹn á jẹ́ ₦35,000, o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rà á n'Íléṣà. Torí náà lójú tèmi, ètò onídajì wákàtí wúwo ju èjìká sítóòfù yín lọ. Ìpolówó kékeré oníṣẹ́jú kan, tí wọ́n tún un gbé lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú rédíò, ìyẹn ló lè rù. Màá padà sórí ẹ̀.

Ìdajì wákàtí yẹn náà ní ìtàn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1984 ni ìjọba wọn yọ òté kúrò lórí iye ìṣẹ́jú tí tẹlifíṣọ̀n lè fi polówó, látìgbà náà làwọn oníṣòwò ti ń ra òru ọ̀gànjọ́, nítorí pé ó pọ́ọ́kú, iná wà, àwọn tí oorun ò kùn sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tiwa rí i, wọ́n dà á kọ bó ṣe wà. Ilé iṣẹ́ wa náà ra aago méjìlá òru rí nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Àbúrò mi, ta ló níná láago méjìlá òru? Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ti pa á, ó ti sùn. Kọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló wọlé lóru ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú ẹ̀ ṣi nọ́ńbà pè. Níbí, kì í ṣe aago ló yẹ kó o máa rà, iná ni. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ra sítóòfù yín lọ́jà, ìgbà wo ni wọ́n ń níná, ètò wo ló ń mú kí wọ́n tan jẹn, ṣé ìròyìn ni, ṣé bọ́ọ̀lù ni, ṣé eré Yorùbá ní ọ̀sán Sátidé ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bá dárúkọ ni kó o wà. Tẹlifíṣọ̀n ti wà nílẹ̀ Yorùbá láti 1959 tí WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ó ti pẹ́ lójú wa, àwọn ará ilé mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò àti ìgbà tí wọ́n ń wò ó, béèrè lọ́wọ́ wọn. Rédíò ńkọ́? Rédíò ò nílò iná NEPA, alákàrà ń gbọ́ ọ nídìí agbada, dẹ́rẹ́bà ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, àwọn tó ń lo èédú gan-an nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ páànù, òun ló wúwo jù lọ́kàn mi.

A ta páànù kan tí wọ́n ní ẹyin ò lè lẹ̀ mọ́. Èmi ni mo tò ó sórí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò ẹ̀. Ẹyin náà ń yọ́ bọ̀rọ́ bí ẹja inú omi, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ká tún un yà, mo máa ń fa páànù tuntun yọ nínú páálí, ọ̀gá ló ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Páànù méje la lò lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń wò ó nílé rò pé ọ̀kan ni. Ẹnu wa ò parọ́, ọwọ́ wa ló pa á. Ó pé nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tá a ti tà á, ìyá tíṣà kan pè láti Ifẹ̀ níbí, ó ní páànù ti ń bó, dúdú ẹ̀ ń wọ inú ẹyin àwọn ọmọ òun, pé owó àjọ lòun fi rà á. Wọ́n ti tẹ ìwé lé wa lọ́wọ́ ní yàrá fóònù, ohun tó yẹ ká sọ wà níbẹ̀: béèrè bóyá ó fi kànìnkàn onírin fọ̀ ọ́. Mo béèrè. Màmá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ohùn ẹ jọ ti ọmọ Ifẹ̀. Ṣé ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fi kànìnkàn onírin fọ̀ ọ́?" Mi ò rí èsì fún wọn. Èmi tí mo fa páànù méje yọ nínú páálí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn.

Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́: má gbé sítóòfù tuntun nìkan lọ síwájú kámẹ́rà. Wá ẹni tó ti lo tiẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tó ń dáná lórí ẹ̀ lójoojúmọ́, alákàrà tàbí oníràísì, kí sítóòfù náà ti dúdú, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti họ, gbé òun gan-an lọ, kó o sì sọ ọjọ́ tó rà á. Mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ṣe é ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló ń fẹ́ kó dán. Tí kò bá tíì sí sítóòfù yín kankan tó ti lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ oníṣẹ́ kó má sì bàjẹ́, a jẹ́ pé kò tíì yá, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìròyìn ò tó àfojúbà, ìyẹn ni gbogbo agbára tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ jókòó lórí àga kí olóòtú máa bi yín pé "kí ló mú un yàtọ̀", kí ìwọ máa sọ pé ó lágbára, ó dára, ó ń tọ́jú owó, rédíò ti tó fún ìyẹn. Ohun tí ojú máa rí ni kó o gbé wá. Wá àdògán tí gbogbo èèyàn ń lò, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Wọn èédú tó jẹ́ iye kan náà sínú méjèèjì lójú kámẹ́rà, ìkòkò kan náà, omi kan náà, ẹ̀wà kan náà, gbé aago ńlá sáàárín, kí ẹni tó ń wò ó máa rí aago náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí èédú àdògán kú nígbà tí ẹ̀wà ẹ̀ ò tíì rọ̀, kí tiyín ṣì pọ́n. Ẹni tó ti fọwọ́ ra èédú rí ò nílò àlàyé mọ́. Àmọ́ o, ẹ ṣe é nílé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ṣe é níbẹ̀, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ àti ọjọ́ tí kò fẹ́, pẹ̀lú èédú tó dáa àti èyí tí òjò ti pa. Nínú iye mẹ́wàá tẹ́ ẹ bá kọ, èyí tó burú jù ni kẹ́ ẹ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé iṣẹ́ wa, èyí tó dára jù la máa ń sọ, kọ́sítọ́mà á délé kò ní rí i bẹ́ẹ̀, á dá a padà. Tó o bá sọ èyí tó burú jù, ohun tó máa bá pàdé nílé á dára ju ohun tó gbọ́ lọ, òun fúnra ẹ̀ á bá ẹ polówó fún ará ilé kejì.

Àti pé ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti yà á, ẹ má dáná èédú nínú stúdíò tí wọ́n ti tì pa. Kí ìyàwó ẹ sì sọ ọ́ kedere nínú ìpolówó náà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e wọ yàrá kó tilẹ̀kùn sùn tì í, ì báà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ burúkú kan wà nínú iná èédú tí kò ní òórùn, tí ojú ò rí, ó ń pa èèyàn sójú oorun. Àwọn oníṣòwò kan á ní kó o má sọ ọ́, pé ó máa lé kọ́sítọ́mà. Sọ ọ́.

Ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀? Ìyàwó ẹ ni. Wọ́n á fẹ́ fún yín ní olóòtú tó gé irun, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn, má gbà. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Joy Mangano, òun ló ṣe ohun ìnulẹ̀ kan tó ń fún omi ara ẹ̀ dànù láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún ẹlòmíì tà lórí QVC, ilé ìtajà orí tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, kò lọ. Nígbà tí òun fúnra ẹ̀ bọ́ síwájú kámẹ́rà ní 1992, ó ta ohun tó lé ní 18,000 kí ìdajì wákàtí tó pé. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ron Popeil náà, tó wá di gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń yan adìyẹ, inú ọjà Maxwell Street ní Chicago ló ti kọ́ ẹnu tó fi ń tajà kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń gé kábéèjì lójú àwọn èèyàn tó ń kọjá lọ, ó ń wo ojú wọn. Ìyàwó ẹ ti wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ báyìí. Ní kó máa kíyè sí gbólóhùn tó máa ń mú kí ẹni tó ti ń lọ yíjú padà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́, láàárín oṣù kan ẹ ti ní ìwé ìpolówó yín nìyẹn, ẹ ò sì san kọ́bọ̀. Kó má fi Ìjẹ̀ṣà ẹnu ẹ̀ pa mọ́ o. Ọmọ Ọwá ọmọ ẹkùn ló fẹ́ tajà fún.

Ọ̀rọ̀ iye owó. Nílẹ̀ òyìnbó, tí wọ́n bá ti kọ 19.95 dọ́là síbẹ̀, ó parí. Níbí, ẹni tó pè ẹ́, gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹ̀ ni "èló ni jálẹ̀?" Ẹ gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí èsì kan ṣoṣo, kí gbogbo ẹni tó ń gbé fóònù máa sọ ọ́ bákan náà, nítorí tó o bá gé ẹgbẹ̀rún kan fún ẹnì kan n'Íbòkun, èyí tó wà n'Íjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà á gbọ́ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Dípò kó o gé owó, fi èènì sí i. Nǹkan tí àwọn òyìnbó ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹ dúró, ó ṣì kù, èènì náà ni, àwọn ìyá wa ti ń ṣe é lórí àtẹ gàrí látìgbà ìwáṣẹ̀. Wẹ́dà ni ẹ́, fi àwókù irin ṣe ẹ̀mú kékeré tí wọ́n á fi máa mú ẹyin iná, bóyá ló máa ná ẹ ní nǹkan kan, ẹni tó ń fọwọ́ gbóná dáná èédú máa mọyì ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Ti àwọn tó ń dá ọjà padà lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ ọmọ Iléṣà, ṣé èmi ló yẹ kí n sọ ìtàn òṣómàáló fún ẹ? Àwọn bàbá yín tó ń ru aṣọ wọ ìgbèríko, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á padà dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà pé òṣó làwọn máa ló káwọn tó gbowó. Ohun tí gbogbo èèyàn rántí ni lílóṣòó. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ ilé oníkálukú, wọ́n mọ ìgbà tí kòkó máa jáde, wọ́n mọ ẹni tí wọn ò gbọ́dọ̀ tà fún. Ohun tá a wá padà ṣe ní yàrá fóònù nìyẹn, ó sì dín ìdápadà kù gan-an: a ò ní gbé ọjà kúrò nílẹ̀ títí a ó fi pe ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè mẹ́ta péré. Ta ló máa wà nílé gbà á? Ṣé owó wà lọ́wọ́ báyìí? Kí lẹ fẹ́ máa fi í sè? Ìkẹta yìí dà bí ọ̀rọ̀ lásán, òun ló lágbára jù. Ẹni tó bá dáhùn pé "àgbàdo ni mò ń sè tà, ìkòkò mẹ́ta lójúmọ́", ó máa gbà á. Ẹni tó bá ní "rárá, mo kàn ní kí n rí i ni", má gbé e lọ, dá a lóhùn dáadáa, ní kó wá wò ó lọ́jà.

Kó o sì ra síìmù mẹ́ta tí kò wọ́n. Nọ́ńbà kan fún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan fún rédíò, ọ̀kan fún fídíò WhatsApp tẹ́ ẹ bá pín kiri. Tí kọ́ọ̀lù bá wọlé, nọ́ńbà tó wọlé sí ló máa sọ fún ẹ ibi tí owó ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ọ̀gá tó ń sanwó fún tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta fún ọdún kan gbáko, tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń mú oníbàárà wá fún un, kò sì mọ èwo ni, torí nọ́ńbà kan náà ló wà lórí gbogbo wọn.

Òfin díẹ̀, màá sáré lórí ẹ̀. Òfin ARCON ti 2022, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìpolówó, ní ìpolówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn kọjá kó tó bọ́ sáfẹ́fẹ́, béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà pé ta ló máa gba ìwé yẹn, ta ló sì máa sanwó ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn. SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí i pé ọjà dójú ìwọ̀n, ló ń bójú tó ọjà tí a ń ṣe nílẹ̀ yìí, MANCAP lorúkọ ìwé ẹ̀rí wọn, lọ bi wọ́n léèrè ohun tó kan sítóòfù. Òfin FCCPC ti 2018, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, náà fún kọ́sítọ́mà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, torí náà ya owó ìdápadà sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, má fi jẹun.

Ó wá ku ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wá bá yín. Ní 1977, rédíò kan wà ní ìlú Clearwater ní Florida, ẹnì kan polówó níbẹ̀ kò rówó san, ló bá kó ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣí agolo fún wọn dípò owó, 112 ni. Wọ́n ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn tà á lórí afẹ́fẹ́, gbogbo ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni HSN ti bẹ̀rẹ̀, tó di ilé ìtajà orí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Torí náà padà lọ bá àwọn èèyàn yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sọ fún wọn pé ẹ gbọ́ pé ọjà ò ní tó tà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, inú yín dùn, ṣé wọ́n lè gba sítóòfù dípò owó, tàbí kí wọ́n máa gba iye kan lórí èyí tó bá tà lórí nọ́ńbà tiwọn. Tí wọ́n bá gbà, àwọn náà ti rí ohun tó dáa lára ọjà yín nìyẹn, ẹ jókòó sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní láéláé, owó lọ́wọ́ làwọn fẹ́, wọn ò ṣẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n o ti mọ bí ohun tí wọ́n sọ fún ẹ ṣe dá wọn lójú tó. Ìgbà yẹn, ní kí wọ́n ta ìpolówó oníṣẹ́jú kan fún ẹ, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì, owó tó jẹ́ pé tó bá sọnù ṣọ́ọ̀bù ò ní tì, kẹ́ ẹ sì ti ní sítóòfù 40 nílẹ̀ kó tó jáde.

Fún mi ní ìwé tẹ́ ẹ bá kọ ìgbìdánwò mẹ́wàá yẹn sí. Tẹ́ ẹ bá lè wá s'Ífẹ̀ ní Sátidé kan, ẹ gbé sítóòfù dúdú kan wá, èyí tí alákàrà ti lò, ẹ̀wà àti àdògán wà nílé mi, àgbàlá ò sì há. Aago ògiri nìkan ni mi ò ní, ẹ mú un dání.